Nọ́ńbà Ara Àpótí: Ohun Tó Yẹ Ká Túmọ̀ Nínú *One Week*
Ẹ̀dà Super 8, fíìmù tóóró tí Kodak gbé jáde ní 1965, ni mo fi han àwọn ará ilé mi ní Agbonou. Eré apanilẹ́rìn-ín aláìlóhùn tí Buster Keaton ṣe ní 1920 ni. Èdè Ifẹ̀ là ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni gbólóhùn àárín àwòrán. Mo túmọ̀ gbogbo wọn, mo sì ba eré jẹ́: ara Keaton ti sọ ọ́ tán. Ibi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ ni mo dákẹ́ sí. Ọkùnrin tí ìyàwó ò gbà fún ló yí nọ́ńbà ara àpótí pákó padà tí ilé fi wọ́, ṣùgbọ́n lórí fíìmù kékeré yìí nọ́ńbà ọ̀hún kò hàn kedere. Màmá mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí rélùwéè fọ́ ilé náà tán, tí Keaton gbé pátákó kọ́ ọ, mo kà á fún wọn pé títà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí: ta ni yóò rà á?