Oríkì Àgbọ̀nrín nínú Ìjálá Ọdẹ
Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, tí iná ti jó pápá, koríko tútù a hù, àgbọ̀nrín a sì jáde wá jẹ ẹ́. Ìgbà náà ni ọwọ́ ọdẹ ń tó o.

Ìwé tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde lórí ìjálá ní 1966 fi oríkì ẹranko hàn gẹ́gẹ́ bí apá pàtàkì nínú rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe pè é ní àpèjúwe lásán: ẹni tí yóò pa ẹran náà ni ó ń yin ẹwà àti eré rẹ̀, ìyìn àti ikú pàdé lẹ́nu kan.

Ẹ̀kọ́ yìí ṣe kókó fún ọmọ tí ó dàgbà láàrin ariwo ọkọ̀ ní Ìwó Road, Ìbàdàn: ó lè má rí àgbọ̀nrín láàyè rí; oríkì ni yóò fi mọ̀ ọ́n.