Ọba Ìgbò Nínú Ìtàn Mọremí

Nínú àwọn ìtàn tí a ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn tó ìtàn Mọremí. Ìtàn náà kò jìnnà sí àwa ará Òkè-Oyi ní ilẹ̀ Ìlọrin, nítorí àwọn ará Ọ̀fà, aládùúgbò wa, a máa sọ pé ọmọ àwọn ni obìnrin náà kí ó tó di aya ní Ilé-Ifẹ̀. Àwa kò jiyàn pé akọni ni. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ẹnìkan tí gbogbo wa ń fò dá bí a ti ń sọ ìtàn rẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìtàn yìí sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn kan tí à ń pè ní Ìgbò, tí wọn kì í ṣe Ìgbò ti ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà, a máa fi koríko bora wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú, àwọn ará ìlú a sì rò pé kì í ṣe ènìyàn ni wọ́n. Mọremí jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó sì jẹ́ kí a mú òun. Nítorí ẹwà rẹ̀ a fi í fún ọba Ìgbò. Ọba gbẹ́kẹ̀ lé e, obìnrin náà mọ àṣírí koríko, ó sá padà wá sílé, ó sì kọ́ àwọn ará Ifẹ̀ láti fi ògùṣọ̀ pàdé ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ni ó fi Ẹ̀là, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, san ẹ̀jẹ́ rẹ̀.

Ìròyìn náà dára, kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n kí ni ti ọba náà? Ọkùnrin kì í tú àṣírí ogun ìlú rẹ̀ fún obìnrin tí a kó lẹ́rú, bí kò ṣe pé ọkàn rẹ̀ ti fà mọ́ ọn. Lórí ìfẹ́ ọkùnrin yìí ni gbogbo ìtàn náà dúró; síbẹ̀ a kò sọ ohun tí ó rí ní òwúrọ̀ tí ibùsùn aya rẹ̀ ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì mọ̀ bí Mọremí bojú wẹ̀yìn lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé ìtàn Tristan àti Iseult, tí àwọn akéwì ilẹ̀ Yúróòpù kọ ní ọ̀rúndún 12. Tristan ni ó pa Morholt, arákùnrin ìyá Iseult. Nígbà tí ọmọbìnrin náà mọ̀ ọ́n nípa idà rẹ̀ tí ó ní eyín, ó gbé idà náà sókè láti pa á, ṣùgbọ́n kò pa á. Níbẹ̀ ni ìtàn náà ti fi ọkàn ọ̀tá hàn wá. Irú ibẹ̀ gan-an ni ìtàn Mọremí kò ní.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ìtàn àtijọ́ kì í ro ọkàn ènìyàn wò. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Johnson ròyìn pé àwọn ará Ifẹ̀ bá Mọremí sọkún lórí ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì ṣèlérí láti jẹ́ ọmọ fún un títí láé. Ìtàn náà mọ ẹkún í sun. Fún ará ilé nìkan ni ó ń sun ún.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó mọ Dẹ̀lílà, a sì ti kọ́ wọn láti kórìíra rẹ̀. Owó mú un, èyí tí kò mú Mọremí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe. Bí ó bá ṣe pé àwọn Filístínì ni ó kọ Ìwé Àwọn Onídàájọ́, bóyá akọni ni Dẹ̀lílà ìbá jẹ́. Àwọn ará Ugbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ń wí títí di òní pé àwọn baba wọn ni ó ti wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Ní 2016 a gbé ère ńlá dúró fún Mọremí ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ ní agbègbè yìí ju ti ibòmíràn lọ. Ní àwọn ọdún 1880 ogun Ìlọrin dó ti Ọ̀fà. Lónìí àwọn ọmọ ìhà méjèèjì ń jókòó pọ̀ ní kíláàsì, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Bí a bá kọ́ wọn pé ìdẹkùn lásán ni ìfẹ́ tí ó bá ti wà láàrin ọ̀tá, kí ni wọn yóò máa rò nípa ìyá tí ó wá láti ìhà kejì?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dẹ́kun láti yin Mọremí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá sọ ìtàn náà tán, ẹ ní kí àwọn ọmọ tún un sọ láti ẹnu ọba Ìgbò. Ẹni tí ó bá lè ṣe èyí ni ó ti mọ iye tí ìṣẹ́gun náà ná Mọremí, kí ó tó kan ti ọmọ rẹ̀ rárá.