Ìbọn Àlòkù Tó Mọ Ojú Àmì

Bí a bá dárúkọ BSA, alùpùpù ni ọ̀pọ̀ àgbà máa rántí. Ṣùgbọ́n ìbọn ni ilé iṣẹ́ náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Birmingham ní 1861, kọ́kọ́ ń rọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Martini International, ìbọn ìdíje tó ń jẹ ọta .22, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan.

Owó ìbọn ìdíje tuntun láti Jámánì lè lé olùbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn. Martini àlòkù kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rárá, síbẹ̀ àárín àmì gan-an ló ń lù. Ọ̀pá rẹ̀ nípọn, ó wúwo, kì í gbọ̀n lọ́wọ́. Ẹ fa irin abẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, ihò á ṣí. Ẹ ki ọta bọ̀ ọ́, ẹ gbé irin náà padà, ó ti sé pinpin. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé irin kékeré kan péré lèèyàn máa tì jáde, gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sì bọ́ síni lọ́wọ́. Ìgbà náà ni a lè ti ẹ̀yìn nu inú ọ̀pá náà, láìha ẹnu ìbọn. Ẹnu ìbọn tó bá ti bàjẹ́, ọta rẹ̀ á máa ṣìnà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ inú ọ̀pá wò nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ tún yin oríṣi ọta mẹ́ta wò, márùn-ún márùn-ún, nítorí ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ọta tó bá a lára mu.

Ní Bìrìtìkó, ẹ gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ẹ tó rà á.