Ẹnu Àgbàṣe

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tọ́ àgúnmu kan wò, èyí tí iléeṣẹ́ Apple gún fún àwọn ará Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n láti 2006 títí di 2009.

Ọkùnrin méjì ló dúró síbi tó funfun báláú. Justin Long wọ ṣòkòtò jíǹsì, ara tù ú; ó ní òun ni Mac, kọ̀ǹpútà ti Apple. John Hodgman wọ kóòtù, ó so táì, ó fi awò sójú. Ó ní òun ni PC, kọ̀ǹpútà oní-Windows tí oríṣiríṣi iléeṣẹ́ ń ṣe. Níjọ́ kan, PC ń sín ṣáá, fáírọ́ọ̀sì ti kọlù ú. Ní ti Mac, ara rẹ̀ le koko. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

N kò ní irọ́ ni wọ́n pa. Fáírọ́ọ̀sì ń da àwọn oní-Windows láàmú gan-an nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ inú kọ̀ǹpútà, kí ni yóò fi yan ọ̀kan? Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Wọn ò bi í pé, "Iṣẹ́ wo lo fẹ́ fi ṣe? Èló ló wà lọ́wọ́ ẹ?" Ohun tí wọ́n dọ́gbọ́n bi í ni pé, "Ta lo fẹ́ jọ nínú àwọn méjì yìí?" Àbí ta ló fẹ́ jọ ẹni tó ń sín?

Ẹ wá gbọ́ o. Ní 2006 yẹn gan-an ni Apple bẹ̀rẹ̀ sí fi ọpọlọ Intel sínú Mac, Intel kan náà tó wà nínú ọ̀pọ̀ PC. Ètò tó ń darí wọn yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kan náà ni wọ́n ti ra ọpọlọ. Ìpolówó ò dárúkọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni nígbà tí PC ń sín.

Ní 2020, Apple bẹ̀rẹ̀ sí fi ọpọlọ tirẹ̀ rọ́pò ti Intel. Nígbà tó di 2021, Intel gba Justin Long kan náà síṣẹ́, ló bá bọ́ síta, ó ń yin PC! N kò bá a wí. Òṣèré ni, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ owó ná, ẹ rẹ́rìn-ín yín tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ béèrè iye rẹ̀, iṣẹ́ tó lè ṣe, àti ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́jọ́ tó bá dákú. Ẹnu àgbàṣe kì í báni san gbèsè.