Ta Ló Kọ́ Pásítọ̀ Fẹ́lóṣíìpù? Àríwísí Lórí Ìtọ́sọ́nà Àwọn Òjíṣẹ́ Tuntun Láàárín Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún tí mo jẹ́ pásítọ̀ fẹ́lóṣíìpù ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Àkúrẹ́, a lọ wàásù ní Ìpógun ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo kéde pé onígbàgbọ́ tòótọ́ kì í ṣàìsàn. Nígbà tí mo parí, ìyá àgbàlagbà kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Ọmọ mi, ọkọ mi gba Jésù gbọ́ títí àìsàn fi pa á lọ́dún tó kọjá. Ṣé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó?” Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà,” ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu mi. Nígbà tí a padà dé ilé-ẹ̀kọ́, n kò rí ẹni tí mo lè bi. Ẹni tí mo gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ti di agùnbánirọ̀ ní Òkè Ọya. Ìwé owó àti kọ́kọ́rọ́ yàrá ohun èlò orin nìkan ló fà lé mi lọ́wọ́.

Títí di òní, ọ̀pọ̀ òjíṣẹ́ tuntun ló ń bá ara wọn nírú ipò bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n wá bàbá nínú ẹ̀mí, kí ó gbé ọwọ́ lé wọn, kí agbádá Èlíjà lè bà lé wọn. 2 Ọba 2 ni a fi ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Àríwísí mi ni pé à ń ka orí yẹn bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú 1 Ọba 19, oko ni agbádá ti kọ́kọ́ bo Èlíṣà, níbi tó ti ń túlẹ̀, ohun tó sì tẹ̀ lé e ni pé ó dìde, ó lọ ń ṣe ìránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ júwe rẹ̀ fún àwọn ọba nínú 2 Ọba 3:11, wọn kò sọ̀rọ̀ agbádá rárá. Wọ́n ní òun ló ń bu omi sí ọwọ́ Èlíjà. Ẹni tó ń bomi síni lọ́wọ́ ní láti wà nítòsí. Ó ń rí bàbá náà nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, bàbá náà sì ń rí àṣìṣe rẹ̀.

Ìtàn tiwa náà jẹ́rìí sí i. Matthews Ojo, nínú ìwé rẹ̀ The End-Time Army (2006), tọpa ìjì ẹ̀mí tó jà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ní 1970. A fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ iná tó jó nígbà náà, ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ àwọn tó jókòó ti iná náà. S. G. Elton, míṣọ́nnárì tó dé Nàìjíríà ní 1937, wà ní Iléṣà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1973, W. F. Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15 nínú ilé rẹ̀. Àga, Bíbélì àti àyè láti béèrè ìbéèrè ni irú ìtọ́sọ́nà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Àwọn kan yóò ní Ẹ̀mí Mímọ́ tó ní olùkọ́, wọn yóò sì tọ́ka sí 1 Jòhánù 2:27. Ṣùgbọ́n Jòhánù fúnra rẹ̀ ń kọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tó ń kọ lẹ́tà náà! Àpólò ní ìtara, ó mọ Ìwé Mímọ́, síbẹ̀ ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Ákúílà àti Pìrìsílà mú un sọ́dọ̀ (Ìṣe 18:26). Wọn kò dójú tì í láàárín ìjọ. Oníṣẹ́ àgọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu bàbá nínú ẹ̀mí ti òde òní wà. Bàbá tó ń yan ìyàwó fún ọmọ, tó ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí kò sì gbọ́ ìwàásù rẹ̀ rí, ọmọ-ọ̀dọ̀ ló ń wá. Ákúílà àti Pìrìsílà kò so Àpólò mọ́ ilé wọn. Nígbà tó fẹ́ kọjá lọ sí Ákáyà, àwọn ará kọ ìwé kí wọ́n lè gbà á.

Nítorí náà, kí ìfàlélọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà kan ṣáájú, kí ẹni tuntun máa jókòó ti ẹni tó ń lọ. Kí àgbà onígbàgbọ́ kan, ìbáà jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ọgbà, máa gbọ́ ìwàásù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí àwa ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì náà rán àwọn ọmọ wa lọ bá wọn, kí a má kàn dúró de ọjọ́ tí wọn yóò gba fọ́ọ̀mù.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni olùkọ́ kan fi 2 Tímótì 4:20 hàn mí, pé Pọ́ọ̀lù fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ẹsẹ kan péré ni. Mo padà sí Ìpógun láti lọ kà á fún ìyá náà. Wọ́n ní wọ́n ti sin ín.