Ọwọ́ lórí Ìwọ̀, Ẹsẹ̀ lórí Pẹ́dà

Ẹja básì ẹlẹ́nu ńlá, ọmọ bíbí omi aláìníyọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í sábà lé oúnjẹ rẹ̀ jìnnà. Inú koríko omi tàbí abẹ́ igi tó wó sódò ló máa ń ba sí, títí ẹja kéékèèké tàbí kọ̀ǹkọ̀ yóò fi kọjá. Apẹja gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibùba náà láìpariwo, kò sì sí ọkọ̀ tó yẹ iṣẹ́ yìí bíi káyáàkì onípẹ́dà.

Ní 1997 ni ilé iṣẹ́ Hobie gbé ẹ̀rọ pẹ́dà káyáàkì tó ń jẹ́ MirageDrive jáde: bí ẹsẹ̀ bá ti ń tẹ pẹ́dà, lẹbẹ méjì lábẹ́ ọkọ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì bí apá ẹyẹ pẹngúìnì nínú omi. Ọwọ́ wá bọ́ lọ́wọ́ àjẹ̀, ẹwà ìpẹja yìí sì wà níbẹ̀ gan-an. Bí atẹ́gùn bá ń ti ọkọ̀, ẹsẹ̀ á mú un dúró lójú kan, ọwọ́ á sì máa ju ìjẹ oníke síbi kan náà léraléra.

Nínú ìdíje ìpẹja oníkáyáàkì, gígùn ẹja ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pátákó ìdíwọ̀n, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sómi láàyè.