Ta Ló Ni Ohùn Inú Jọ́nà?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó jọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Ọ̀rọ̀ jọ́nà ni. Jọ́nà ni ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń kọ àbájáde ìwádìí wọn sí. Ti oníṣègùn wà, ti agbẹjọ́rò wà, ti èdè àti lítíréṣọ̀ náà sì wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó oríkì ìdílé wa, ẹkún ìyàwó àwọn ìyá wa, ìjálá ọdẹ àti ẹsẹ Ifá sí. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá wà nílé onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹrù náà.

Jọ́nà tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń ní ojú ewé kan tó kọ òfin rẹ̀ sí. Ẹ ó kà á níbẹ̀ pé òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ kó iṣẹ́ oníṣẹ́. Kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó gba owó orí ọmọ kan lọ́wọ́ ọkọ méjì. Kò gbọdọ̀ fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sí iṣẹ́ tí ọ̀gá kò fọwọ́ kàn. Ẹni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún láti yẹ̀ wò kò gbọdọ̀ tìtorí ìjà àtijọ́ pa á tì. Olóòtú kò gbọdọ̀ tú àṣírí. Bí àṣìṣe bá sì hàn lẹ́yìn tí ìwé ti jáde, kí wọ́n tún un ṣe ní gbangba, tàbí kí wọ́n yọ iṣẹ́ náà kúrò pátápátá.

Òfin dáadáa ni gbogbo wọn, wọ́n sì nídìí. Ní 1996, Alan Sokal, onímọ̀ físíìsì ní New York, mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìsọkúsọ, ó fi èdè ńláńlá bò ó, ó fi ránṣẹ́ sí Social Text, jọ́nà kan ní Amẹ́ríkà tó ń sọ̀rọ̀ lórí àṣà àti ìṣèlú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde! Jọ́nà náà kì í gbé iṣẹ́ fún onímọ̀ ìta láti yẹ̀ wò nígbà yẹn. Sokal fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí, ariwo sì ta. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò jọ́nà gbòde, àwọn tó jẹ́ pé owó ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í ṣe iṣẹ́. Sanwó lónìí, ká tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Jeffrey Beall, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní yunifásítì kan ní Colorado, kó orúkọ irú wọn jọ fún ọdún bíi mélòó kan kó tó pa ìwé orúkọ náà dé ní 2017. Àwọn olùkọ́ tiwa náà ń kó sí pàkúté yìí, torí pé ẹni tí kò bá tẹ àpilẹ̀kọ jáde kò lè gòkè lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, n kò bá òfin jà. Ẹjọ́ tèmi ni pé òfin yìí ń gba òǹkọ̀wé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, ó ń gba olóòtú, ó ń gba orúkọ yunifásítì. Ẹni tí ohùn rẹ̀ di iṣẹ́ ńkọ́? Níbi púpọ̀, kò sí ìlà kan tó dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Olùkọ́ kan gbé rẹ́kọ́dà, ó wọkọ̀ lọ sí ìgbèríko. Ó ra obì àti ọtí, ó bá ìyá arúgbó kan tó mọ oríkì bí ẹní mowó. Ìyá pohùn fún wákàtí mẹ́ta, ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Olùkọ́ padà sílé, ó tẹ́tí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó fi tíọ́rì lé e lórí. Nígbà tí àpilẹ̀kọ jáde, gbólóhùn kan tó yá lọ́wọ́ purofẹ́sọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní orúkọ, ó ní ọdún, ó ní nọ́ńbà ojú ewé. Ogójì ìlà tó ti ẹnu ìyá jáde ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ pé “oríkì kan láti agbègbè Ọ̀yọ́.” Ó tán.

Ẹ gbọ́ ná. Ká ní gbólóhùn kan ti purofẹ́sọ̀ yẹn ni olùkọ́ gbàgbé láti dárúkọ olówó rẹ̀, olè ni wọn ì bá pè é. Ogójì ìlà ti ìyá yìí kò ní olówó, wọ́n sì ní ìwádìí ni. Ọ̀nà wo ni ìyẹn fi yàtọ̀?

Àwọn jọ́nà ní àṣà kan tó dára: bí wọ́n bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò, wọn a yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ ni òǹkọ̀wé fi ń ṣe aláìlórúkọ. Bí iṣẹ́ bá ti yege, orúkọ rẹ̀ á padà sókè gàdàgbà. Ìyá tó pohùn ni tirẹ̀ kò padà mọ́.

Bóyá ibi tí òfin náà ti wá ló fà á. Jọ́nà gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí ti wà láti 1665, nígbà tí Henry Oldenburg bẹ̀rẹ̀ Philosophical Transactions ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ń wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwà, èyí tí wọ́n ń pè ní COPE, àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ló dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1997. Ọ̀rọ̀ dókítà àti aláìsàn ni wọ́n ń rò. Nínú ọ̀rọ̀ dókítà, fífi orúkọ aláìsàn pamọ́ ni ìwà ọmọlúàbí, kí ayé má baà mọ àrùn tó ń ṣe é. Àwa onílítíréṣọ̀ wá yá agbádá oníṣègùn wọ̀, a kò pè télọ̀ kó tún un rán. Ìyá tó mọ oríkì kì í ṣe aláìsàn. Oríkì kì í ṣe àrùn tí a ó bá a fi bò. Olùdá iṣẹ́ ni, bí òǹkọ̀wé ṣe jẹ́ olùdá iṣẹ́.

Òfin ìjọba ilẹ̀ wa pàápàá ti ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Òfin kọ́píráìtì tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 1988 ní apá kan fún iṣẹ́ àbáláyé. Ó ní ìwé tó bá lò ó gbọ́dọ̀ sọ ìlú tàbí àwùjọ tó ti wá. Apá mìíràn nínú òfin kan náà fún òṣèré láṣẹ lórí gbígba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Òfin 2022 ti rọ́pò rẹ̀, òun náà sì ní apá tó dáàbò bo iṣẹ́ àbáláyé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìlú ni apá ti iṣẹ́ àbáláyé yẹn ní kí a dá, kò ní kí a dárúkọ èèyàn. Ìyá wo ni yóò sì tìtorí àpilẹ̀kọ tí kò lè kà gba lọ́yà? Ọwọ́ àwọn olóòtú ni àtúnṣe wà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. William Bascom ará Amẹ́ríkà gba ẹsẹ ẹẹ́rìndínlógún sílẹ̀ lẹ́nu Sàlàkọ́ ní Ọ̀yọ́ ní 1951. Nígbà tí ìwé náà, Sixteen Cowries, jáde ní 1980, orúkọ Sàlàkọ́ wà níbẹ̀, a sì mọ̀ pé ìmọ̀ Sàlàkọ́ ni a ń kà. Wándé Abímbọ́lá dárúkọ àwọn babaláwo tó gba Ifá lẹ́nu wọn, bí Oyèdélé Ìṣọ̀lá ti agbo ilé Bẹ́ẹ̀sìn ní Pààkòyí, ní Ọ̀yọ́. Karin Barber kọ ìwé lórí oríkì ní Òkukù, ó jáde ní 1991, ẹni tó bá kà á yóò mọ obìnrin apohùn tó ń jẹ́ Ṣàngówẹ̀mí bí ẹni mọ aládùúgbò rẹ̀. Ṣé iyì àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí dín kù? Ó tún lé sí i ni.

Bí a bá tilẹ̀ pa ìwé tì, àwọn apohùn wa ní òfin tiwọn kí jọ́nà tó dé. Apohùn kì í déédéé la ẹnu. Ìbà ni yóò kọ́kọ́ jú, yóò dárúkọ bàbá tó bí i àti ọ̀gá tó kọ́ ọ. Kí ni ìyẹn, bí kò ṣe dídárúkọ ẹni tí a ti rí ọ̀rọ̀ gbà? Adébóyè Babalọlá ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, èyí tó jáde ní 1966, pé bí oníjàálá kan bá ṣi oríkì pè, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè dìde níbẹ̀ kó tako ó, òun náà yóò sì gbèjà ara rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹlẹgbẹ́ nìyẹn, lójú gbogbo ayé, láìsí ìbòjú. Ó yani lẹ́nu pé ẹni tí kì í pohùn láìjúbà ni a wá ń tẹ ohùn rẹ̀ jáde láìjúbà fún un.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn á ní oríkì kì í ṣe ti ẹnì kan, ti gbogbo ìdílé ni. Òótọ́ ni. Èdè Yorùbá tí òǹkọ̀wé fi kọ̀wé náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, síbẹ̀ ó fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Ti gbogbo wa ni ọ̀rọ̀. Bí apohùn ṣe tò ó lọ́jọ́ náà, tirẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní ẹlòmíràn kì í fẹ́ kí a dárúkọ òun, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá kan awo. Ìyẹn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni la fi ń kọ mèjẹ. Ẹ bi í léèrè. Bó bá ní kí ẹ fi orúkọ òun bò ó, ẹ fi bò ó, kí ẹ sì kọ ọ́ pé òun ló ní bẹ́ẹ̀. Bó bá ní ẹsẹ kan kò gbọdọ̀ jáde, kó má jáde. Ohun tó burú ni kí a má bi í rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tó ń sọ̀rọ̀ lórí Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbà. Láàńgbàsà ti Yunifásítì Èkó ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ iṣẹ́ akadá. N kò ní kí gbogbo jọ́nà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó pọ̀ jù kí àkótán ojú ewé kan wà ní Yorùbá, tí ọmọ apohùn lè kà sétígbọ̀ọ́ ìyá rẹ̀?

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olóòtú kò ju ìlà mẹ́rin lọ lórí ojú ewé òfin wọn. Èkíní, kí òǹkọ̀wé dárúkọ ẹni tó pohùn, ìlú rẹ̀ àti ọdún tó pè é, àyàfi bí ẹni náà bá kọ̀. Èkejì, kó sọ bó ṣe gba ìyọ̀ǹda. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀dà iṣẹ́ náà àti ohùn tí wọ́n gbà padà dé ọ̀dọ̀ ẹni náà tàbí ìdílé rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí òǹkọ̀wé bá fi iṣẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀, kí wọ́n yọ iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí wọn ì bá ṣe yọ èyí tó jí lọ́wọ́ purofẹ́sọ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Àwọn apohùn àgbà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ọmọ wọn bá wá wá ohùn wọn nínú jọ́nà lọ́la, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá orúkọ níbẹ̀.